Bọ́ọ̀sì Àtijọ́ Tí Kò Yege Àyẹ̀wò Èéfín: Bí Ẹ Ṣe Máa Wá Ìdí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Náwó

Ìwé tí wọ́n fún yín níbi àyẹ̀wò ni kí ẹ kọ́kọ́ kà dáadáa kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti gbọ́ pé ọkọ̀ wọn kò yege, kátálísì ni ọkàn wọn máa ń lọ sí, nítorí òun ni wọ́n mọ̀ pé ó ń fọ èéfín mọ́. Òun náà sì wà lára ohun tó wọ́n jù lábẹ́ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ kátálísì kì í sábà ṣàdédé kú. Nǹkan míì ló máa ń pa á: epo tó pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì tí iná rẹ̀ kò já, tàbí ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì. Ẹni tó bá gbé tuntun síbẹ̀ láìmú ohun tó pa ti àkọ́kọ́, kó tètè múra láti ra ẹ̀kẹta.

Bọ́ọ̀sì tó ń lo bẹntiróòlù la dìídì ń sọ níbí, yálà oní-kàbúrétọ̀ (tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́) tàbí oní-nọ́súlù (tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì). Ti dísẹ́ẹ̀lì wà nísàlẹ̀, kò gùn.

Ohun tí nọ́ńbà orí ìwé ń sọ

CO ni gáàsì tó ń wá látinú epo tó jó lápá kan, àmọ́ tí afẹ́fẹ́ kò tó láti jó o tán. HC ni epo tí kò jó rárá, tó gba inú sílíńdà kọjá bó ṣe wọlé. Ppm, ìyẹn iye rẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan, ni wọ́n fi ń kà á. CO2 ni ti epo tó jó délẹ̀, nítorí náà bí tirẹ̀ bá ṣe ga tó ló dára tó. O2 ni afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù. NOx, níbi tí wọ́n bá ti ń wọ̀n ọ́n, ooru àpọ̀jù inú sílíńdà ló ń bí i. Ẹ̀rọ náà tún máa ń ṣírò lambda láti inú wọn: 1.00 túmọ̀ sí pé epo àti afẹ́fẹ́ bára mu. Bó bá wálẹ̀, epo ló pọ̀. Bó bá gòkè, afẹ́fẹ́ ló pọ̀.

Òfin ibi tí wọ́n ti yẹ ọkọ̀ wò ló ń sọ iye tí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ yá, tó ní kátálísì tó ń ṣiṣẹ́, CO rẹ̀ kì í tó 0.3%, HC kì í tó 100 ppm, CO2 máa ń wà ní nǹkan bíi 14 sí 15%, O2 kì í tó 1%, lambda á sì wà láàárín 0.97 sí 1.03. Èyí tí wọn kò fi kátálísì sí láti ilé iṣẹ́ lè ní CO 1 sí 3% àti HC ọgọ́rùn-ún ppm mélòó kan, kó má sì sí àléébù kankan lára rẹ̀.

Ẹ má ka nọ́ńbà kan ṣoṣo kẹ́ ẹ wá gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Ẹ wo ìwé méjì yìí:

Ìwé kìíní: CO 2.8%, HC 310 ppm, CO2 13.1%, O2 0.3%, lambda 0.92.
Ìwé kejì: CO 0.1%, HC 480 ppm, CO2 12.6%, O2 3.1%, lambda 1.14.

HC ga nínú méjèèjì, àmọ́ àìsàn wọn kò jọra rárá. Ti àkọ́kọ́, epo pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ tán kí epo tó jó tán, O2 0.3% yẹn ló tú àṣírí rẹ̀. Ti ìkejì, afẹ́fẹ́ tí a kò pè ti wọlé, epo wá fọ́n ká jù, iná púlọ́ọ̀gì tàn ṣùgbọ́n kò rí nǹkan gidi mú. Bí ẹ bá fún ti ìkejì ní kátálísì tuntun, owó ṣòfò. Bí ẹ bá sì ń wá ihò afẹ́fẹ́ lórí ti àkọ́kọ́, ọjọ́ á lọ lásán.

Àwọn àpapọ̀ mẹ́ta míì wà tó yẹ kẹ́ ẹ dá mọ̀. Bí HC bá fò kọjá 1,000 ppm, tí O2 náà ga, tí CO sì wà níwọ̀nba, púlọ́ọ̀gì, wáyà tàbí kọ́ìlì ni kẹ́ ẹ fura sí. Bí CO2 bá kéré gan-an, bíi 9%, tí O2 ga, tí gbogbo yòókù sì kéré, sàlẹ́ńsà ló lu: afẹ́fẹ́ ìta ló ń bu omi la èéfín yín, àyẹ̀wò náà kò tíì sọ òótọ́ kankan. Bí NOx nìkan ló bá ga, ẹ fo gbogbo ọ̀rọ̀ epo, kẹ́ ẹ lọ sí ‘Bí NOx bá jẹ́ òun nìkan’ nísàlẹ̀.

Ẹ tún wo ìgbà tó kùnà. Wọ́n sábà máa ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìtẹ tọ́rótù, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sílóò, àti nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dé nǹkan bíi 2,500 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Ihò afẹ́fẹ́ kékeré máa ń ba sílóò jẹ́, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá tẹ tọ́rótù, afẹ́fẹ́ tó tọ́ á pọ̀ débi pé tinú ihò yẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ sílóò ló yege, tó jẹ́ 2,500 ló kùnà, ẹ lọ wo agbára pọ́ńpù epo, fíltà afẹ́fẹ́, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn (èyí tó ń wo afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú èéfín) àti kátálísì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ohun tí kò ná yín ní nǹkan púpọ̀

Ẹ yọ fíltà afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ gbé e sí iwájú iná tọ́ọ̀ṣì. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lórí kàbúrétọ̀, fíltà tó dí nìkan lè gbé CO sókè.

Ẹ fa òṣùwọ̀n ọ́ìlì jáde, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, epo ti jò wọ inú ọ́ìlì, ooru ẹ́ńjìnnì sì ń sọ ọ́ di oru tó ń gba páìpù PCV padà sí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ọ̀nà kan wà láti mọ bó ṣe ń dá kún wàhálà tó: bí ẹ̀rọ ìwọ̀n-èéfín bá wà lára sàlẹ́ńsà, ẹ yọ páìpù PCV kúrò lára mánífóòlù (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà), kẹ́ ẹ sì dí ojú ihò tó kù sílẹ̀ dáadáa. Bí CO bá já wálẹ̀ tó 1% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yí ọ́ìlì àti fíltà rẹ̀ padà kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun míì. Ẹ tún wá bí epo ṣe dé inú ọ́ìlì, torí bí nọ́súlù bá ṣì ń jò, ọ́ìlì tuntun náà kò ní pẹ́ rùn.

Nípa oògùn inú ìgò tí wọ́n ń dà sínú táńkì: èyí tó ń fọ nọ́súlù lè ran nọ́súlù tó dọ̀tí lọ́wọ́ díẹ̀. Kò lè dí ihò, kò lè jí sẹ́ńsọ̀ dìde, kò sì lè tún púlọ́ọ̀gì ṣe.

Ìgbésẹ̀ 2: Ǹjẹ́ ẹ́ńjìnnì náà ń gbóná débi tó yẹ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ibí yìí. Ẹ́ńjìnnì tó bá tutù, bréènbọ́ọ̀sì rẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀) á máa fi epo kún un, bí ṣóòkì ṣe ń ṣe lórí kàbúrétọ̀. Bí tàmósítáàtì (fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná) bá ṣí sílẹ̀ tí kò padé mọ́, omi rédíétọ̀ kò ní kúrò ní bíi 60°C lójú ọ̀nà, epo á sì máa pọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Omi yẹn yẹ kó wà láàárín bíi 85 sí 95°C lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì. Àmì tí ẹnikẹ́ni lè mọ̀ ni pé ojú ìwọ̀n ooru kì í dé àárín, tàbí kó máa wálẹ̀ bẹ́ ẹ bá ti ń sáré.

Bí tàmósítáàtì bá dára, ẹ yẹ sẹ́ńsọ̀ ooru omi wò, èyí tó ń bá bréènbọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ó sábà máa ń dá yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé ọwọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí náà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù lè dára kí òun máa purọ́. Ẹ yọ wáyà rẹ̀, kẹ́ ẹ fi mítà wọn ohms. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ó máa ń jẹ́ nǹkan bíi 2,000 sí 3,000 ohms nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ní 20°C, á sì wálẹ̀ sí bíi 200 sí 400 bó bá gbóná tán. Bó bá gbóná tán tó ṣì wà ní 2,000, irọ́ pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ló ń pa fún bréènbọ́ọ̀sì. Ẹ fọ ojú wáyà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́bi. Ìpata lójú wáyà máa ń fi ohms kún un.

Ti oní-kàbúrétọ̀: ẹ ṣí eà kílínà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kẹ́ ẹ wo ẹnu kàbúrétọ̀. Ewé ṣóòkì gbọ́dọ̀ dúró lóòró gangan. Bó bá dábùú díẹ̀ báyìí, ẹ ti rí i.

Ìgbésẹ̀ 3: Iná púlọ́ọ̀gì

Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ tò wọ́n sílẹ̀ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé sílíńdà wọn. Àwọ̀ ẹnu wọn ń sọ̀rọ̀. Bíi búráùn tó ṣì, bíi tíì onímílíìkì: ó dára. Dúdú tó gbẹ bíi ẹ̀ẹ́dú: epo pọ̀. Dúdú tó ń dán tó sì tutù: ọ́ìlì ń wọlé. Funfun bí ẹfun: afẹ́fẹ́ pọ̀ tàbí ooru pọ̀. Bí mẹ́ta bá jẹ́ búráùn, tí ẹ̀kẹrin sì dúdú, wàhálà wà lórí sílíńdà yẹn nìkan, kì í ṣe lórí gbogbo ẹ́ńjìnnì.

Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì sábà máa ń wà láàárín 0.7 sí 1.1 mm, ìwé ọkọ̀ ló mọ èyí tó jẹ́ tiyín gan-an. Lórí èyí tó ní dísíbútọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì), ẹ yọ ìdérí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rìn láti ojú irin kan sí èkejì. Ìlà yẹn, ọ̀nà tí iná ń gbà sá lọ ni. Lálẹ́, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nínú òkùnkùn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wín omi bí ìrì sí wáyà púlọ́ọ̀gì: wáyà tó ti lu á máa ta iná búlúù wínníwínní. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án.

Lára bọ́ọ̀sì, púlọ́ọ̀gì méjì tó wà lẹ́yìn máa ń jẹ́ èyí tí wọn kò tíì yọ rí, nítorí ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ ìjókòó tàbí láàárín àwọn ìjókòó iwájú, ọwọ́ kò sì dé ẹ̀yìn. Àwọn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Afẹ́fẹ́ tí a kò pè

Inú àpótí tóóró tí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì wà, ooru kì í rí ibi jáde. Rọ́bà tó yẹ kó rọ̀ á gan bí igi. Ẹ tẹ àwọn họ́ọ̀sì kéékèèké tó wà lára mánífóòlù lọ́kọ̀ọ̀kan: bó bá dún ‘kẹ́ṣẹ́’, ó ti lu tàbí ó fẹ́ lu. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ibi tí họ́ọ̀sì ti tẹ̀, torí abẹ́ ló máa ń ya, níbi tí ojú kò dé. Họ́ọ̀sì tó ń lọ síbi bíréèkì, gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ kàbúrétọ̀ tàbí ti tọ́rótù, àti gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòlù ló tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà ní sílóò, kẹ́ ẹ máa wín omi ọṣẹ díẹ̀díẹ̀ sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà, ibẹ̀ ló lu. Àwọn mẹkáníìkì máa ń lo oògùn tí wọ́n fi ń fọ kàbúrétọ̀, ó sì máa ń tètè fi ihò hàn, ṣùgbọ́n ó ń gbiná. Ẹ má wín in nítòsí wáyà púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná tàbí mánífóòlù sàlẹ́ńsà tó gbóná. Ìta gbangba sì ni kẹ́ ẹ ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. CO kò ní òórùn, ó sì ń pààyàn nínú gáréèjì tó padé.

Ihò kan tún wà tó ń yí ọ̀rọ̀ po: èyí tó bá wà lára sàlẹ́ńsà kí èéfín tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. Afẹ́fẹ́ ìta á máa gba ibẹ̀ wọlé, sẹ́ńsọ̀ á rí i, á sọ pé epo kò tó, bréènbọ́ọ̀sì á sì da epo sí i. Báyìí ni CO ṣe ń ga lórí ẹ́ńjìnnì tí kò sí ohun tó ṣe é. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ‘tíkì-tíkì-tíkì’ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, tó ń lọ bó ṣe ń gbóná, gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòlù sàlẹ́ńsà ni, tàbí kí mánífóòlù sàlẹ́ńsà fúnra rẹ̀ ti la.

Ìgbésẹ̀ 5: Epo

Ọ̀rọ̀ ìwé kìíní tòkè yẹn sábà máa ń parí síbí. Lórí oní-nọ́súlù àtijọ́, ẹ wá ẹ̀rọ tó ń ṣètò agbára epo. Họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ mánífóòlù. Ẹ yọ họ́ọ̀sì yẹn. Bí ẹ bá rí epo nínú rẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹ̀kán kan, awọ inú ẹ̀rọ náà ti ya, ẹ́ńjìnnì sì ń fa epo gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ so ìwọ̀n agbára epo mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi wé iye inú ìwé ọkọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí agbára náà bá já wálẹ̀ kíákíá, nọ́súlù kan lè máa jò. Ẹ tú agbára epo sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú páìpù èyíkéyìí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù tán.

Lórí kàbúrétọ̀, bí epo bá ga jù nínú ìkòkò rẹ̀, yíyí ìsíkúrúù sílóò kò ní mú nǹkan kan dúró. Ìgò tó ń léfòó nínú ìkòkò náà lè ti lu, kí epo ti kún inú rẹ̀. Ẹ mì í létí, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ẹ tún dí họ́ọ̀sì tó ń gbé oru epo bọ̀ láti táńkì. Bí CO bá wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, fáàfù rẹ̀ kò padé mọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn

Lórí irú tó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ àtijọ́, iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fò láàárín nǹkan bíi 0.1 sí 0.9 volt, lọ bọ̀, ó kéré tán ní bíi ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá ní 2,500 ìyípo. Bó bá dúró sójú kan ní 0.4 tàbí 0.5, ó ti kú tàbí wáyà rẹ̀ ti já. Bó bá ń rìn bí arúgbó, ọjọ́ orí ló ń mú un. Bó bá dúró sókè ní 0.8 tàbí 0.9, ẹ má yọ ọ́: òótọ́ ló ń sọ, epo pọ̀ lóòótọ́, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 5.

Bí NOx bá jẹ́ òun nìkan

Ooru ni. Fáàfù EGR ló sábà máa ń fà á, èyí tó ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú sílíńdà kí iná inú rẹ̀ má bàa gbóná jù. Ẹ fi ọwọ́ gbé awọ inú rẹ̀ sókè nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní sílóò (ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ó ń jóni). Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbọ̀n tàbí kó kú. Bí kò bá yí padà, ẹ̀ẹ́dú ti dí ọ̀nà. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ ha á mọ́. Táímìnì (àkókò tí iná púlọ́ọ̀gì ń tàn) tó ṣíwájú jù, rédíétọ̀ tó dí àti ẹ̀ẹ́dú tó kún orí písítìnì náà ń fà á.

Ìgbésẹ̀ 7: Ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀

Bí HC kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ìyàtọ̀ àárín sílíńdà tó ga jù àti èyí tó kéré jù kò yẹ kó kọjá 10 sí 15%. Bí ọ̀kan bá kéré, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí ọbẹ̀ kan sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríìǹgì písítìnì ló jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ló sábà máa ń jẹ́, ó sì lè má ju pé àlàfo fáàfù ti fún jù lọ. Ẹ ṣètò àlàfo yẹn kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú orí ẹ́ńjìnnì.

Ìgbésẹ̀ 8: Kátálísì, nígbẹ̀yìn

Ẹ gbá a jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ nígbà tó bá tutù. Bó bá ń dún bí òkúta nínú agolo, inú rẹ̀ ti fọ́. Bí kò bá dún, ẹ wa ọkọ̀ náà fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wọn ooru páìpù ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ àti ti ìjáde rẹ̀ ní 2,500 ìyípo. Ìjáde yẹ kó gbóná ju ẹnu-ọ̀nà lọ ní bíi 20°C tàbí jù bẹ́ẹ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì tó mọ́ gan-an, ìyàtọ̀ náà lè kéré, nítorí kò sí ìdọ̀tí púpọ̀ fún un láti jó. Ẹ má fi ìwọ̀n yìí nìkan dá a lẹ́jọ́. Kátálísì kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí á fi dé bíi 250 sí 300°C, tinú bọ́ọ̀sì sì máa ń jìnnà sí ẹ́ńjìnnì, ó ń tètè tutù. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀sì tó dúró fún ìdajì wákàtí lórí ìlà fi lè kùnà, kí ó sì yege lọ́jọ́ kan náà bó bá gbóná wọlé.

Ti dísẹ́ẹ̀lì

Dídúdú èéfín ni wọ́n ń wọ̀n. Èéfín dúdú: epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́, ẹ wo fíltà afẹ́fẹ́, họ́ọ̀sì tóbò tó la, EGR tó ṣí sílẹ̀, lẹ́yìn náà nọ́súlù. Búlúù: ọ́ìlì ń jó. Funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná: epo tí kò jó, tàbí omi rédíétọ̀ tó ń wọlé, bí omi bá ń dín kù, ó ti hàn. Wọ́n sábà máa ń tẹ dísẹ́ẹ̀lì dé ìpẹ̀kun níbi àyẹ̀wò. Bí bẹ́líìtì táímìnì bá ti tó pààrọ̀, ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ.

Ọjọ́ tí ẹ ń padà lọ

Ẹ má yọ ojú bátìrì, ẹ má sì pa kóòdù (àmì àléébù tí bréènbọ́ọ̀sì tọ́jú) rẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀rọ ka bréènbọ́ọ̀sì, wọ́n máa ń wò bóyá ó ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Ẹni tó bá pa kóòdù rẹ́ ti pa àyẹ̀wò yẹn náà rẹ́, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú ìgbà mélòó kan tí ẹ́ńjìnnì tutù tán kó tó tún tan, kí ó tó parí. Ẹ fi ẹ̀rọ ka bréènbọ́ọ̀sì náà kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù kì í wọ́n.

Ẹ kó ẹrù kúrò nínú ọkọ̀. Ẹ wa á ní ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà tó dán, nínú jíà tó kéré sí ti ojoojúmọ́, kí ooru lè dé kátálísì. Bí ìlà bá wà níbẹ̀, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì, bí wọ́n bá gbà á láàyè. Bó bá ku ẹni méjì níwájú yín, ẹ tẹ tọ́rótù mú ní bíi 2,500 fún ìṣẹ́jú méjì. Kẹ́ ẹ sì mú ìwé àkọ́kọ́ dání, kẹ́ ẹ lè fi nọ́ńbà tuntun wé e lójú ẹsẹ̀: bí CO bá ti 2.8 wá sí 0.6 tí kò sì tíì yege, ẹ ti wà lójú ọ̀nà tó tọ́, ó ku ohun kan.